Ibi Tí Wọn Kì í Gbé Odó Sí

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, kí n má bi àwọn àlejò léèrè mọ́ pé yàrá wo ni wọ́n sin onílé sí. Ẹni tó sọ ọ́ kò bínú. Ó rọra ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, ojú sì ń ti àwa méjèèjì. Mo ní mo ti gbọ́. Nínú mi, mo ń rò ó pé, ó dáa, níbo gan-an ni wọ́n wá sin wọ́n sí?

Nauvoo ni orúkọ ìlú náà, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Ílínọ́ì, níbi tí odò Misisípì ti yí po. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, ilé ìwòsàn kan ní òdìkejì odò ló gbà á síṣẹ́, èmi ni mo tẹ̀lé e. N kò ní í sọ ti físà àti ti bàálù, irú rẹ̀ ti sú gbogbo ènìyàn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ọmọ Oǹdó ni mí, pé ọdún méjìlá ni mo fi ya pláànù ní ilé iṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́, tí wọ́n ń pè mí ní ọ̀gá, tí mo ní àga tó ń yí. Iṣẹ́ tí mo wá rí nílẹ̀ yìí ni kí n máa gé koríko, kí n sì máa tún bíríkì ṣe lára àwọn ilé àtijọ́ àwọn Mọ́mọ́nì.

Kí n tó débẹ̀, gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa Mọ́mọ́nì kò ju àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì méjì tó máa ń fẹsẹ̀ rìn kiri nínú oòrùn ọ̀sán, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, táì, àti àmì orúkọ láyà. Bàbá mi, tó jẹ́ ọmọ Áńgílíkà látilẹ̀, máa ń fún wọn lómi mu tí wọ́n bá yà sílé wa ní Oǹdó. Wọ́n á fún wọn ní àga pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ṣí ìwé wọn báyìí, Bàbá á ní àwọn fẹ́ lọ wo nǹkan lẹ́yìnkùlé, wọn kò sì ní í padà títí àwọn ọmọ náà yóò fi lọ.

Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Wọ́n ti kìlọ̀ òtútù fún mi. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì mọ ibi tó ń lọ, ni wọ́n ń pè ní Alàgbà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe gbogbo ọkùnrin tí ìjọ wọn bá rán níṣẹ́. Èmi tí mo ti lé lógójì ọdún, mo wá ń sọ fún ọmọ tí mo lè bí pé, "Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lórí koríko kí ẹ̀rọ má baà gé yín lẹ́sẹ̀." Ọjọ́ tí mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Alàgbà gidi kan wà níbẹ̀ ṣá. Alàgbà Bírígì ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Màlúù ló fi gbogbo ayé rẹ̀ sìn ní apá ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ilé wọn pa, wọ́n wá sí Nauvoo láti fi ọdún kan ààbọ̀ mú àlejò yípo láìgba kọ́bọ̀. Láràárọ̀ ni yóò wọ ṣòkòtò alókùn-èjìká àti akẹtẹ̀, bíi ti àwọn tó gbé ibẹ̀ láyé ọjọ́un. Òun ló mú mi yípo ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí n lè mọ ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́.

Ìtàn tó sọ fún mi nìyí, bí mo ṣe gbà á. Wọ́n lé àwọn ènìyàn wọn kúrò ní ìpínlẹ̀ tó múlé gbè é, torí pé àwọn aládùúgbò kò fẹ́ ìjọ wọn, wọn kò fẹ́ wòlíì wọn, wọn kò sì fẹ́ bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i. Wọ́n dé ibi tí odò ti yí po, ẹrẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, ibà sì ń pa wọ́n. Wọ́n la ojú omi, wọ́n fa ẹrẹ̀ gbẹ, wọ́n sun bíríkì, wọ́n kọ́ ìlú. Wọ́n gbé tẹ́ḿpìlì olókùúta ka orí òkè. Kò tó ọdún mẹ́wàá tí gbogbo rẹ̀ fi tú. Àwọn ènìyànkénìyàn ya wọ inú túbú ní ìlú kan tí kò jìnnà, wọ́n yìnbọn pa wòlíì náà àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, nínú òtútù, àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù sínú kẹ̀kẹ́ màlúù, wọ́n gba òpópónà kan tó já sí etí omi, wọ́n kọjá sí ìwọ̀-oòrùn. Wọ́n ní obìnrin kan gbá ilé rẹ̀ mọ́ tónítóní kó tó lọ, ó sì fi ìgbálẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Iná jó tẹ́ḿpìlì náà. Ìjì wó èyí tó kù, àwọn ará ìlú sì ń kó òkúta rẹ̀ lọ kọ́ ilé tiwọn. Ó pẹ́ gan-an kí àwọn ọmọ-ọmọ tó padà wá, tí wọ́n ra ilẹ̀, tí wọ́n gbẹ́lẹ̀ wá ìpìlẹ̀, tí wọ́n ń tún ilé kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni mo ṣe ń gé koríko.

A dé ilé kan létí odò, ilé wòlíì yẹn gan-an. Alàgbà Bírígì bọ́ akẹtẹ̀ rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní nígbà tí wọ́n gbé òkú àwọn méjèèjì dé, wọ́n ń bẹ̀rù kí ọ̀tá má wá jí wọn gbé. Wọ́n bu iyanrìn sínú pósí, wọ́n sin iyanrìn lójú gbogbo ayé. Òkú gan-an, abẹ́ ilé kan tí wọn kò tíì kọ́ parí ni wọ́n sin wọ́n sí. Nígbà tó yá, wọ́n tún rọra gbé wọn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé etí odò yìí, lábẹ́ ahéré kan. Ahéré náà wó, àwọn tó mọ ibẹ̀ kú tán, ojú ibẹ̀ sì pòórá. Ó di ìgbà ayé àwọn ọmọ-ọmọ kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀ rí wọn.

Ó ń wo ojú mi. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ nǹkan.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ṣùgbọ́n èwo ni àṣírí níbẹ̀? Ilé wọn náà ni. Pálọ̀ ni bàbá tèmi wà."

Ìyàwó rẹ̀ tó bá wa rìn gbé ìwé tó mú lọ́wọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ta ló fẹ́ jí bàbá rẹ gbé?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó fẹ́ jí wọn gbé, mà. A kàn fẹ́ràn wọn ni."

Ibẹ̀ ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti gbà pé bí wọ́n ṣe ṣe wòlíì ni wọ́n ṣe gbogbo onílé tó kù. Nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ wọ ọ̀kan nínú àwọn ilé náà láti tún ògiri ṣe, mo máa ń bọ́ fìlà, mo máa ń sọ pé ẹ kú ilé o. Mo máa ń béèrè kí n tó gbé àpò sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀ yàrá. Àwọn arúgbó tó ń mú àlejò yípo rò pé àdúrà ni mò ń gbà, inú wọn sì dùn. Ìgbà tí ó wá di pé mo bi obìnrin kan tó wakọ̀ ọjọ́ méjì wá wo ilé bàbá ńlá rẹ̀ léèrè pé yàrá wo ni bàbá wà, tó sì bú sẹ́kún, ni wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Itẹ́ òkú wọn wà lójú ọ̀nà tó jáde nílùú. Orí òkè ni, afẹ́fẹ́ sì pọ̀ níbẹ̀. Mo lọ wò ó lọ́jọ́ Àìkú kan. Mo káàánú wọn díẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ kéré débi pé ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Mo lè wà lẹ́nu iṣẹ́ láti àárọ̀, kí ogún ènìyàn kọjá, kò sí ẹni tí yóò kí mi kú iṣẹ́. Wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á juwọ́. Ẹ̀rín kì í ṣe ìkíni. Ó ń ṣe mí bíi pé iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò sí lójú ẹnikẹ́ni, pé èmi pàápàá kò sí níbẹ̀. Ní Àkúrẹ́, kódà ẹni tó fẹ́ wá bú ọ ní ọ́fíìsì, yóò kọ́kọ́ kí ọ kú iṣẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún Alàgbà Bírígì nígbà tí a jọ ń jẹun ọ̀sán. Ó ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì, mo tẹ̀ síbi ìpìlẹ̀ ilé alágbẹ̀dẹ, mò ń dí àárín bíríkì, ni mo gbọ́ lókè orí mi: "Ẹ kú iṣẹ́." Gbogbo ohùn rẹ̀ ló wọ́, ṣùgbọ́n ohun tó sọ nìyẹn. Ó ti lọ wá a lórí fóònù, ó sì kọ ọ́ sínú bébà pélébé kan tó fi sínú akẹtẹ̀. Mo ní, "Òo, ẹ ṣeun, sà." Mo tètè dojú kọ bíríkì mi padà kó má baà rí omi lójú mi. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti fi kọ́ gbogbo àwọn arúgbó yòókù. Àwọn obìnrin arúgbó tó wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ ayé àtijọ́ á kọjá, wọ́n á ní ẹ kú iṣẹ́. Mo pe Bọ̀ọ̀dá mi nílé lọ́jọ́ náà, mo sọ fún wọn pé mo ti dé ìlú.

Àwọn tó ń wá wo àwọn ilé yẹn máa ń yà mí lẹ́nu. Wọ́n á wakọ̀ wá láti ibi tó jìn, tàgbà tèwe, wọ́n á dúró níwájú ilé tí ìyá ìyá ńlá wọn gbé fún ọdún mẹ́rin péré, wọ́n á fọwọ́ kan bíríkì, wọ́n á sunkún. Ọdún mẹ́rin. Èmi náà ti lo ìdajì rẹ̀ níbẹ̀ báyìí. Yàrá méjì tí a háyà lókè ṣọ́ọ̀bù ni ilé wa, ìyàwó mi á wọṣẹ́ bí mo bá ń bọ̀, èmi nìkan ni mo sì máa ń jẹun alẹ́ nínú ọ̀sẹ̀. Mo máa ń wo àjà ilé náà, mo máa ń bi ara mi pé ta ni yóò wá sunkún níwájú èyí. N kò sì lè sọ pé ibẹ̀ kì í ṣe ilé, torí pé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ló wà lápò mi.

Lọ́jọ́ Àìkú ni Bọ̀ọ̀dá mi máa ń pè, ní aago mọ́kànlá àárọ̀ tèmi, ìrọ̀lẹ́ tiwọn. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, Ọ̀bà-Ilé ni wọ́n ń gbé. Wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí nípa òtútù, kódà nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Lọ́jọ́ yẹn, wọn kò béèrè òtútù.

Wọ́n ní, "Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sí ilé Bàbá."

N kò ní kí wọ́n ṣàlàyé. Títì ni wọ́n fẹ́ fẹ̀, mo sì mọ ọ̀dà yẹn ju bí Bọ̀ọ̀dá ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Nígbà tí mo wà ní Alágbàká, èmi náà ti tẹ̀lé àwọn tó ń lo téèpù, mo ti di búrọ́ọ̀ṣì mú, mo ti fi àmì sára ilé onílé. Ìyá kan jáde sí mi nígbà kan, ó ní ọkọ òun wà nínú yàrá tí mò ń fi ọ̀dà sí. Mo ní kí wọ́n lọ kọ lẹ́tà. Mo ti kùn ún tán kí wọ́n tó wọlé padà. N kò ronú kàn wọ́n mọ́ láti ìgbà náà, àfi ọjọ́ yẹn.

Bọ̀ọ̀dá ní, "Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fún wa. Ti Bàbá kò le, gbogbo wa la mọ ibi tí wọ́n wà ní pálọ̀. A ó gbé wọn wá sí ilẹ̀ mi ní Ọ̀bà-Ilé. Yèyé ni kò yé mi."

Yèyé ni ìyá tó bí Bàbá. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n sin wọ́n sí, nínú ọ̀kan nínú àwọn yàrá ibẹ̀, kí wọ́n tó bí Bọ̀ọ̀dá. Èmi ni mo sì jẹ́ kí ojú ibẹ̀ pòórá.

Pláànù náà wà lọ́wọ́ mi títí di òní. Mo yà á nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní pólì, tí mo rò pé mo ti mọ gbogbo nǹkan. Bàbá ní kí n bá àwọn tún ẹ̀yìn ilé ṣe. Mo dí ilẹ̀kùn tó kọjú sí kànga, mo ṣí òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo wó ògiri kan, mo fi méjì sí i. Mo fi ibi tí sọ́kàwéè yóò wà hàn, mo fi ọ̀nà tí wáyà iná yóò gbà hàn. Bàbá wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Yèyé ńkọ́? Ibo lo kọ Yèyé sí?"

Mo ní, "Bàbá, wọn kì í kọ irú ìyẹn sí pláànù."

Wọn kò bá mi jiyàn. Wọ́n ní tí àwọn bá ti Ìbàdàn dé, níbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, àwọn yóò fi ibẹ̀ hàn mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n lò. Èmi sì fẹ́ kí wọ́n bá a ní píparí. Mo ń lé àwọn bíríkìlà léré títí wọ́n fi kọ́ ọ tán, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì da gbogbo ilẹ̀. Nígbà tí Bàbá dé, wọ́n wọ ibẹ̀, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n jáde. Wọ́n ní iṣẹ́ náà dára. Mo yọ̀. Wọn kò tún dárúkọ ọ̀rọ̀ náà, èmi náà kò sì béèrè, títí wọ́n fi kú.

Bọ̀ọ̀dá ní kò sí bíríkìlà kan ní Oǹdó tó gbà láti máa fi dígà wá òkú kiri nínú yàrá mẹ́ta. Ní ọjọ́ Àìkú kejì, wọ́n ní àwọn ti rò ó síhìn-ín, àwọn ti rò ó sọ́hùn-ún. "A ó bu iyẹ̀pẹ̀ láti ilẹ̀ àwọn yàrá yẹn sínú àpótí. Àlùfáà yóò gbàdúrà sí i. Ó parí náà nìyẹn."

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má ṣe é."

"Kí ló burú níbẹ̀?"

"Wọ́n ti ṣe é níbí rí, iyanrìn nínú pósí. Ṣùgbọ́n àwọn tó sin iyanrìn mọ ibi tí wọ́n fi òkú gan-an sí. Àwa kò mọ̀. Tí katapílà bá kọjá lórí Yèyé, tí wọ́n da ọ̀dà títì lé wọn lórí, èmi ni mo fi wọ́n síbẹ̀."

Wọ́n ní kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù tó lè mọ ibẹ̀: Ìyá Odòjọ̀mù, àbúrò Bàbá tó gbẹ̀yìn. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa, ìgbàgbé sì ti ń ṣe wọ́n. Bọ̀ọ̀dá ti lọ bá wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìgbàkígbà tí Bọ̀ọ̀dá bá bi wọ́n pé ibo ni Yèyé wà, ìdáhùn kan náà ni: "Yèyé wà nínú ulé. Ibo lẹ tún ń wá wọn lọ?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Alàgbà Bírígì. N kò ní ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún lẹ́nu iṣẹ́, òun náà sì mọ ohun tó ń jẹ́ òkú tó sọnù sínú ilé. Ó gbọ́ ọ tán, kò yà á lẹ́nu mọ́ pé Yèyé wà nínú yàrá. Ó bi mí bóyá kànga ṣì wà. Mo ní ó wà. Ó ní, "Níbí, kànga la máa ń kọ́kọ́ wá. Ilé á wó, igi á kú, kànga kò ní í kúrò níbi tó wà." Ó wá ronú díẹ̀. Ó ní, "Kí ìyá mi tó kú, wọ́n ti gbàgbé orúkọ gbogbo àwa ọmọ. Ṣùgbọ́n bí a bá mú wọn dé ìdí màlúù, wọ́n á fún wàrà rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Má bi màmá yín ní ìbéèrè mọ́. Fún wọn níṣẹ́ ṣe."

Mo ya pláànù náà ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí Bọ̀ọ̀dá. Mo ní kí wọ́n wá bíríkìlà kan tí yóò fọ́ ojú ilẹ̀kùn àtijọ́ tó kọjú sí kànga, níbi tí mo dí. Ilé náà ṣáà ń lọ. Mo ní kí wọ́n wá odó.

Ọjọ́ Sátidé ni. Aago méje àárọ̀ ni lọ́dọ̀ mi, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé alágbẹ̀dẹ, ìrì ṣì wà lára koríko. Bọ̀ọ̀dá gbé fóònù dání kí n lè rí gbogbo rẹ̀. Ìyá Odòjọ̀mù wà lórí àga lẹ́yìnkùlé, wọ́n ti kéré gan-an. Wọ́n ní ta ni èyí nínú fóònù. Bọ̀ọ̀dá sọ orúkọ mi. Wọ́n ní, "Ó ti jẹun?" Mo ní mo ti jẹun, mà.

Bọ̀ọ̀dá ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ gúnyán. Ibí yìí ni mo gbé odó sí." Odó náà wà nínú yàrá tó wà lápá ọ̀tún, nítòsí ògiri.

Ìyá Odòjọ̀mù na ọrùn wò ó láti ojú ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́. Ojú wọn kọ́rẹ́ lọ́wọ́ kan. Wọ́n ní, "Ta ló gbé odó síbẹ̀? Wọn kì í gbé odó síbẹ̀. Ẹ fẹ́ máa gún usu lé wọn lórí?"

Mo ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Ẹ bá wa gbé omi wọlé ná, kí a lè gbé odó kúrò."

Ìyá Odòjọ̀mù dìde. Bọ̀ọ̀dá fún wọn ní ike kékeré kan tí omi kò kún. Wọ́n lọ sí ẹnu kànga, wọ́n yípadà, wọ́n ń bọ̀, kò sí ẹni tó dì wọ́n mú. Ẹsẹ̀ wọn kò yẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Wọ́n gba ojú ilẹ̀kùn àtijọ́ wọlé, wọ́n rìn tààrà, ó wá ku díẹ̀ kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ògiri, wọ́n yà sápá òsì bí ẹni tó ń yẹra fún ẹni tó sùn sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ máa bá a lọ, ògiri kò jẹ́. Wọ́n gbé ike sílẹ̀. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri náà, wọ́n wò ó lókè, wọ́n wò ó nísàlẹ̀.

Wọ́n ní, "Ta ló kọ́ èyí lé Yèyé lórí?"

Bọ̀ọ̀dá fẹ́ dáhùn. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe mí. Mo ní, "Èmi ni, mà."

Ìyá Odòjọ̀mù yíjú sí fóònù. Wọ́n wò mí fún ìgbà pípẹ́, mo sì mọ̀ pé wọ́n mọ̀ mí. Wọ́n ní, "Ìwọ ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ ni. Bàbá rẹ ní kí n má sọ fún ọ. Ó ní iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ òun ṣe nìyẹn, ó ní kí Yèyé fara mọ́ ọn."

N kò mọ̀ títí di òní bóyá ìgbàgbé ni wọ́n fi ń dá Bọ̀ọ̀dá lóhùn láti ìgbà yẹn, tàbí ìlérí tí wọ́n ṣe fún Bàbá. Mo sunkún lórí àtẹ̀gùn yẹn láìbìkítà ẹni tó ń wò mí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan ń kọjá lọ sẹ́nu iṣẹ́. Ó dúró, ó wá jókòó tì mí. Mo rò ó lọ́jọ́ náà pé kò burú, ẹ máa pè é ní Alàgbà.

Wọ́n wó ògiri mi lọ́jọ́ Ajé. Yèyé wà níbẹ̀, lábẹ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́. Bọ̀ọ̀dá ní ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn ṣì wà. Wọn kò ya fọ́tò, n kò sì ní kí wọ́n yà á. Wọ́n gbé Yèyé àti Bàbá lọ sí Ọ̀bà-Ilé ní àárọ̀ ọjọ́ kan náà, àlùfáà gbàdúrà, Ìyá Odòjọ̀mù wà níbẹ̀, wọ́n sì ń bi gbogbo ènìyàn bóyá wọ́n ti jẹun. Katapílà dé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Títì ló wà níbẹ̀ báyìí. Wọ́n ní ó dára, kò sí gọ́tà tó dí mọ́.

Alàgbà Bírígì àti ìyàwó rẹ̀ parí ọdún kan ààbọ̀ wọn kété lẹ́yìn náà. Ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, mo bá wọn gbé ẹrù sínú ọkọ̀. Mo rí Alàgbà tó padà wọlé, tó gbá yàrá tí wọ́n lò, tó sì fi ìgbálẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní kí n jẹ́ kó mọ̀ nígbà tí iṣẹ́ orí sàréè ní Ọ̀bà-Ilé bá parí.

Ó parí lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Bọ̀ọ̀dá pè ní aago mọ́kànlá, wọ́n béèrè òtútù. Wọ́n ní, "A ti gbẹ́ kànga sórí ilẹ̀ yẹn. Ìwọ lo ní kí a gbẹ́ ẹ. Mo fi ẹsẹ̀ wọn gbogbo rẹ̀ fún ọ, kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ẹnu kànga dé ọ̀dọ̀ Yèyé, ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án. Bàbá, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ààbọ̀, lápá ọ̀tún."

Mo ti tẹ́ pláànù àtijọ́ yẹn sórí tábìlì, mo dojú rẹ̀ dé, mò ń kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ìyàwó mi kò lọ síṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó dúró lẹ́yìn mi, ó ń wo ọwọ́ mi.

Bọ̀ọ̀dá húkọ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Àyè kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. N kò gbin nǹkan kan síbẹ̀. N kò sọ nǹkan kan o."

Mo wo ìyàwó mi. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Mo tún gbé bírò sórí bébà.

Mo ní, "Ìṣísẹ̀ mélòó ni láti ẹnu kànga?"

Wọn kò lọ wọ̀n ọ́n. Wọ́n ti wọ̀n ọ́n tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní, "Méjìlá."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀.